Tíṣà Najeem Tó Fẹ́ Fi Iyẹ̀pẹ̀ Òṣùpá Kọ́lé

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Tíṣà Najeem Ògúndèyí fi oòrùn lu táńkì omi mọ́sálásí. Láti Òkè-Gàdà dé Alájue nílùú Ẹdẹ, kò sí ibi tí wọn kì í ti í sọ ọ́, oníkálukú sì ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Àwọn kan ní iná ló jáde lójú Tíṣà. Irọ́ ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Tíṣà rí àwo sátẹ́láìtì ńlá kan tí ẹnìkan ti pa tì. Ó fi òòlù lù ú títí tó fi tẹ́jú díẹ̀, ó fọ́ dígí mẹ́ta sí wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń lẹ táìlì, ó sì gbé e kọjú sí oòrùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ní bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i ló gbé páànù eruku òkúta kan kalẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ìtànṣán tó bá ta padà lára dígí wọ̀nyẹn pàdé lójú kan ṣoṣo lórí eruku náà, kí ó yọ́ ọ, kí ó sì di bíríkì láìsí sìmẹ́ńtì, láìsí omi. Nígbà tó di aago kan, ìyàwó rẹ̀, Hasanat, ké sí i pé oúnjẹ ti ń tutù. Tíṣà wọlé lọ jẹun. Oòrùn ò bá a wọlé.

Bí oòrùn ṣe ń rọra yẹ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ ni ojú iná náà ń rọra kúrò nínú páànù. Ó gun ògiri, ó fò ó, ó sì lọ sinmi sára táńkì dúdú tí àwọn ará mọ́sálásí ẹ̀gbẹ́ ilé fi ń ṣe àlùwàlá. Àwọn tó tò sídìí omi gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Kí wọ́n tó gbójú sókè, omi ti ń ya lé wọn lórí.

Lèmọ́mù, Alfa Usamah, sáré jáde pẹ̀lú láwàní lọ́wọ́. Tíṣà náà ti gun ògiri, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Alhaji Tíṣà, ta ló lu táńkì wa?"

"Kò sẹ́ni tó lù ú, Alfa. Oòrùn ni."

"Oòrùn ti ń ràn láti ọjọ́ tí a ti gbé táńkì yìí síbẹ̀, kò lù ú rí."

"Ẹnìkan ò tíì júwe ẹ̀ fún un rí ni."

Tíṣà bá fò wálẹ̀, ó yọ rúlà nínú àpò, ó wọn ihò náà. "Sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀! Alfa, ẹ bá mi yọ̀, ó ti ṣiṣẹ́!" Kò sẹ́ni tó bá a yọ̀. Omi ti tán, ìrun sì ti dé. Alfa ní kí wọ́n ṣe tayámúmù, ìyẹn àlùwàlá tí à ń fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ ṣe nígbà tí kò bá sí omi. Ni Tíṣà bá sáré wọ ẹ̀yìnkùlé, ó gbé páànù eruku rẹ̀ dé tìdùnnú-tìdùnnú. "Alfa, èyí ni kẹ́ ẹ lò. Kò sí kòkòrò kan ṣoṣo nínú ẹ̀." Òótọ́ ni, kò sí kòkòrò nínú ẹ̀. Oòrùn tó ti jẹ láti àárọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Alfa Usamah fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e pátápátá, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ní wàásù ọjọ́ yẹn ló kúrú jù lọ nínú ìtàn mọ́sálásí náà.

Kí Jímọ̀ tó tún pé, Tíṣà ti gbé táńkì tuntun wá. Ó ní kí wọ́n kùn ún ní funfun, nítorí pé funfun kì í gba ooru bíi dúdú. Ìgbà tó sọ ìyẹn ni Alfa wá bínú gan-an.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí ó tó fẹ̀yìntì. Ó gùn, ó tín-ín-rín, táì ò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ dàńṣíkí ló wọ̀. Bí kò bá jẹ́ Zulfah, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìbàdàn, bóyá iṣu ni ìbá máa gbìn jẹ́jẹ́. Zulfah ló fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, pé àwọn ará Ṣáínà ti bu iyẹ̀pẹ̀ wá láti inú òṣùpá, pé àwọn onímọ̀ sì ti ń wá bí wọn ó ṣe fi irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ bíríkì, kí wọ́n má baà máa ru sìmẹ́ńtì láti ayé lọ sọ́hùn-ún. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sọ ṣíbí kalẹ̀.

"Ìyá Zulfah, wọ́n fẹ́ kọ́lé sínú òṣùpá."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará Ṣáínà."

"Ọlọ́run á bá wọn parí ẹ̀. Ẹ jẹun."

"Wọn ò pè mí."

Hasanat wò ó, ó rí i pé omi ti ń bọ̀ lójú bàbá àgbàlagbà. "Bóyá wọn ò ní nọ́ńbà yín ni," ló fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Láti ọjọ́ yẹn, bí o bá kí Tíṣà, òṣùpá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o bá ní "Ẹ káàárọ̀, sà," yóò ní ṣé o mọ̀ pé ohun tó wà lórí òṣùpá kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ bíi tiwa? Kò sí ewé jíjẹrà nínú ẹ̀, kò sí kòkòrò. Òkúta ni, tí àwọn òkúta ojú ọ̀run ti ń já lù láti ayébáyé títí tó fi kúnná bí èlùbọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí àfọ́kù ìgò. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ó ju ogójì lọ tó jẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, òkúta ló há a mọ́ra. "Bí a bá sun ún dáadáa, a ó rí èémí nínú ẹ̀, a ó tún rí irin!" Ẹni tó ń lọ sọ́jà kò ní rántí ohun tó fẹ́ lọ rà mọ́.

Ó kọ̀wé sí Ṣáínà, ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n bun òun ní ṣíbí tíì kan péré. Ibì kan dá a lóhùn: wọ́n dúpẹ́ pé ó nífẹ̀ẹ́ sí sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fi àwòrán kan tí àwọn ọmọdé máa ń kùn lọ́dà sínú àpòòwé. Tíṣà kùn ún. Kò rẹ̀ ẹ́ lọ́kàn rárá. Ó ní bí wọn ò bá fún òun, òun yóò ṣe tòun.

Ìyẹn ló gbé e dé ìlú Ara, níbi tí ìyá arúgbó kan, Àbẹ̀kẹ́, ti ń fọ́ òkúta tà. Ìdílé oníṣàngó ni ìyá yìí ti wá, ó sì gbọ́n ju bó ṣe rí lọ.

"Màmá, eruku tó wà lábẹ́ òkúta yín yìí ni mo fẹ́ kó."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ó jọ iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá ni."

Àbẹ̀kẹ́ sọ òòlù kalẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lórí òṣùpá, kò wá sẹ́ni tó sọ fún mi?"

"Ìdọ̀tí ṣá ni, Màmá. Ẹ ṣì máa gbá a dànù."

"Ìdọ̀tí tí ẹ de táì wá kó láti Ẹdẹ?"

Ó ní òun ò tà á. Bó bá jẹ́ òkúta tó ti òkè já bọ́ ni Tíṣà ń wá, ilé Ṣàngó tiwọn ní in, àwọn ò sì fi kọ́lé. Wọ́n fà á, wọ́n fà á. Níkẹyìn, ó ní kí Tíṣà bá òun fọ́ òkìtì òkúta kan, òun yóò sì bu eruku fún un. Tíṣà ní ìdajì òkìtì. Màmá ní kí ó máa lọ. Tíṣà lọ díẹ̀, ó padà, ó gbà. Àti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́ ni ó fi ń fọ́ òkúta, tó gbé táì sẹ́yìn èjìká, tó ń ṣàlàyé òṣùpá fún ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Nígbà tó máa lọ, Àbẹ̀kẹ́ di àpò mẹ́ta fún un, ó ní, "Ẹ bá mi kí àwọn ará ibẹ̀."

Eruku náà kò kúnná tó. Tíṣà bu díẹ̀ sínú abọ́, ó dé e, ó sì gba ilé Fàsílátù tó ń lọ ata lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù.

"Èlùbọ́ ni, sà?"

"Ohun gbígbẹ ni," ni Tíṣà wí, ẹni tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúpẹ́, ó lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, láti ojúlé dé ojúlé, eyín ń dún kàkà lórí ọbẹ̀. Ẹnìkan ní ìrẹsì ni. Ẹnìkan ní ẹja ni. Fàsílátù nìkan ló mọ ọ̀nà tó yẹ kí òun gbà. Ó bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, kí lẹ lọ̀ nínú ẹ̀rọ mi?"

Tíṣà wo ilẹ̀. "Òṣùpá."

Ọjọ́ méjì ló fi tún ẹ̀rọ náà ṣe fúnra rẹ̀, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí di òní, ilé Fàsílátù ló ń yangàn pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ òṣùpá ní gbogbo Áfíríkà.

Eruku yẹn ni Tíṣà fi dán àwo oòrùn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn wàhálà táńkì, ó kọ́gbọ́n: kò kúrò nídìí ẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe pé oúnjẹ tutù. Àwọn bíríkì àkọ́kọ́ fọ́ lọ́wọ́ bí bísíkíìtì. Ẹ̀ẹ̀kejìlélógún ló rí ọ̀kan tó dúró: kékeré, bíi páálí ṣúgà, ó dúdú, ó ń dán. Ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e lọ bá Fádáre, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù.

Fádáre yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Tíṣà, búlọ́ọ̀kù tí kò bá mumi kì í le. Níbo lẹ ti fẹ́ rí omi wọ́n ọn lọ́hùn-ún?"

Tíṣà dì mọ́ ọn. "Ìbéèrè tí mo ti ń retí láti ọdún méjì nìyẹn! Kò sí omi tí a lè fi ṣòfò níbẹ̀! Ìdí tí mi ò fi lo omi nìyẹn!"

"Ẹ tú mi sílẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó le."

Wọ́n pe Adéyẹmí, ẹni tó ń wa típà yanrìn. Wọ́n tẹ́ búlọ́ọ̀kù Fádáre kan sílẹ̀, wọ́n tẹ́ bíríkì Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrò sì pé jọ. Típà gun búlọ́ọ̀kù, ó di yanrìn. Típà gun bíríkì. Gbàmù! Gbogbo ènìyàn dojú bolẹ̀. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, bíríkì wà níbẹ̀ ní odindi. Táyà ló kú.

"Tíṣà, ṣebí inú òṣùpá lẹ ní ẹ ti fẹ́ lò ó!" ni Adéyẹmí pariwo. "Kí ló wá kan èmi?"

Tíṣà bọ́ dàńṣíkí, ó bá a pààrọ̀ táyà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń ṣàlàyé fún un pé bó bá jẹ́ orí òṣùpá ni, ìdá kan nínú mẹ́fà péré ni típà yẹn ìbá wúwo, ọwọ́ lásán ni wọn ìbá fi gbé e dìde. Adéyẹmí ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá òun wa típà náà lọ síbẹ̀, kí ó lè jìnnà sí Tíṣà.

Hasanat fara da gbogbo èyí. Ohun tí kò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀. Tíṣà gbin tẹ̀tẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ ilé nínú ọ̀rá kan, ó gbin ìyókù sínú eruku Ara. Ti iyẹ̀pẹ̀ ilé yọ gbàgàdà. Ti eruku yọ, kò ga, ó sì ń pọ́n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìgbe ayọ̀ Tíṣà ló gbé Hasanat jáde.

"Ó ń ṣàìsàn! Ìyá Zulfah, ẹ wá wò ó, ó ń ṣàìsàn gidi!"

"Inú yín wá ń dùn?"

"Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn! Àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbin koríko kan sínú iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá gidi, ó hù, ṣùgbọ́n kò ga, àwọ̀ ẹ̀ sì pọ́n. Bákan náà ni tiwa!"

Hasanat wo ọkọ rẹ̀, ó wo tẹ̀tẹ̀. "Àwọn ọkọ yòókù máa ń dúpẹ́ bí irè oko bá ta. Tèmi ń jó nítorí pé ẹ̀fọ́ fẹ́ kú." Ó já tẹ̀tẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ ilé, ó fi se ọbẹ̀. Kò mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ yẹn ni Tíṣà fẹ́ máa wọn lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, kó lè fi í wé ti eruku. Ìjà ọjọ́ yẹn ni àwọn ará àdúgbò kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọn ì bá gbè.

Ẹnì kan wà tí kò fi Tíṣà rẹ́rìn-ín rí. Orúkọ rẹ̀ ni Fawziyah. Tíṣà ló kọ́ ọ ní físíìsì, tó sì lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin pé kò gbọdọ̀ fi ọmọbìnrin yìí fọ́kọ kí ó tó lọ yunifásítì. Ó ti di Dókítà báyìí ní yunifásítì kan lókè òkun, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni bí a ṣe lè fi iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá kọ́lé. Nígbà tó wálé ọdún Iléyá, Tíṣà gbé bíríkì kan fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má gé ẹran lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, Fawziyah pè é. "Sà, a ti dán an wò ní láàbù. Ẹrù tó gbé ju ti búlọ́ọ̀kù lásán lọ ní ìlọ́po méjì."

"Ìlọ́po mẹ́ta ni."

"Méjì ni, sà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í sínú ooru tí a tún fi í sínú òtútù, ó là. Ọ̀sán òṣùpá ń sun nǹkan ju omi híhó lọ, òru ẹ̀ sì ń tutù kọjá yìnyín. Bíríkì yìí kò ní pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ yín ni ò dáa."

Ó pa fóònù. Ọjọ́ méjì ni kò kúrò nídìí àwo oòrùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn mẹ́rìnlá ló gbà sórí WhatsApp Fawziyah, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn bíi wàásù: pé òun ti rí ibi tí àṣìṣe wà, òun yára jẹ́ kí bíríkì tutù ni, pé kí wọ́n rọra máa yí i kúrò nínú iná, àti pé bí a bá rí i ṣe, kì í ṣe òṣùpá nìkan ni yóò wúlò fún. "Ẹni tó bá lè kọ́lé níbi tí kò ti sí omi, tí kò ti sí sìmẹ́ńtì, ṣé kò wá ní lè kọ́ ọ fún opó tí sìmẹ́ńtì wọ́n jù fún ní Alájue?" Fawziyah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Bíríkì tuntun kò là. Wọ́n fi orúkọ Najeem Ògúndèyí, Ẹdẹ, sí ìparí ìwé ìwádìí náà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Tíṣà ní kí ló dé tí kò fi sí níbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún yìí ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, ó sì ń rù lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: kò tíì fojú kan iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá gidi. Ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń nulẹ̀. "Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe, àfijọ ni," ló ń wí. "Bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó tí kò rí rí."

Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan ni fóònù Zulfah dún. Fawziyah ni, ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù, ó wọ aṣọ funfun, ó fi nǹkan bo imú. Wọ́n ti yá láàbù wọn ní iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá, kò tó ìpín-ín-rín ṣíbí. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ojú fóònù sórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Zulfah gbé e sún mọ́ ojú bàbá rẹ̀. Àwọn hóró eérú-eérú ló wà níbẹ̀, ẹnu wọn ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó. Láàárín wọn ni ìlẹ̀kẹ̀ kan wà, dígí ni, ó rí roboto, ó ń dán bí omijé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Tíṣà kò ní àlàyé kankan.

"Ṣé ẹ rí i, sà?" ni Fawziyah bi í.

"Mo rí i." Ó sún mọ́ fóònù sí i. "Fawziyah."

"Sà?"

"Má sín sí i o."

Fawziyah rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Tíṣà na ọwọ́ sí Hasanat. "Ẹ wá wò ó." Hasanat gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́.

"Eruku ni," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tíṣà dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti di ojú. "Eruku ni."

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn ló fi ayé sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Níbi tí wọ́n ti ń sin ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alfa Usamah dá àdúà dúró nítorí pé àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Alfa fúnra rẹ̀ ni.

Ní bí oṣù méjì sí i, àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣe àsàlátù ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹnìkan ní, "Àní, kí tiẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá tí wọ́n ń wá kiri yìí?" Gbogbo wọn wo ojú Hasanat tó wà láàárín wọn. Láti ìgbà ìsìnkú, kò tíì dárúkọ òṣùpá.

Hasanat tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ibẹ̀ ò ní afẹ́fẹ́," ló wí. "Kò sí òjò níbẹ̀. Ohun tó bá ti wà lórí iyẹ̀pẹ̀ yẹn, bó ṣe wà ni yóò ṣe máa wà. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ipasẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní."

Ó dánu dúró, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jọ gbé, kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣi nọ́ńbà kà tí ọkọ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tún un ṣe. Àwọn obìnrin rí i pé ó ń retí nǹkan. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.